Báwo ni ọmọ ọdún 19 ṣe fi ayédèrú ìwé Shakespeare tan àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù?

ÌwéKíkàNiTèmi:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà nípa William Henry Ireland, ọmọkùnrin tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1794 sí 1796 tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé tó sì ń sọ pé Shakespeare ló kọ ọ́. Kì í ṣe sáìnì nìkan o, ó kọ lẹ́tà ìfẹ́, ó kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀, ó kọ ìwé ìgbàgbọ́, ó tún wá kọ odindi eré orí ìtàgé, orúkọ Shakespeare ló sì wà lórí gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wá wò ó nílé bàbá ẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.

Ibi tí kò ti yé mi nìyí. Ọmọ ọdún 19 ni, kò lọ yunifásítì, akọ̀wé kékeré ni ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ṣé àwọn tó wá wò ó yẹn ò mọ ìwé ni, àbí nǹkan míì wà níbẹ̀? Ìkejì, bàbá ẹ̀, Samuel Ireland, tó gbé gbogbo ẹ̀ jáde fáyé, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ òun ló ń kọ ọ́? Mo rí àwọn tó ní ó mọ̀, mo rí àwọn tó ní kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìtàn yìí dáadáa kó là á yé mi.

Àgbà_Òǹkàwé:

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ lo ti bẹ̀rẹ̀, o ò ní rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ bàbá ni kó o lọ.

Samuel Ireland máa ń fín àwòrán, ó ń kọ ìwé ìrìnàjò, ìfẹ́ ohun àtijọ́ sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ilé wọn ní Norfolk Street, nítòsí Strand, kún fún ìwé, àwòrán, àti oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ní gbajúmọ̀ kan lò rí. Nínú gbogbo ẹ̀ Shakespeare ló ga jù lójú ẹ̀. Tó bá dalẹ́ á máa ka eré Shakespeare sókè fáwọn ará ilé, á sì máa sọ ọ́ létí ọmọ ẹ̀ pé tóun bá lè rí ẹyọ sáìnì Shakespeare kan ṣoṣo, òun ṣe tán láti fi ìdajì ìwé tóun ní dí i. Ọmọ tó ń gbọ́ èyí, ọmọ tí wọ́n ti dá padà sílé láti ilé ìwé rí ni, tí tísà ní orí ẹ̀ ò pé, kí bàbá ẹ̀ má wulẹ̀ náwó lé e lórí mọ́. Bàbá náà ò sì retí nǹkan ńlá kankan látọ̀dọ̀ ẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Stratford, ìlú Shakespeare, kó tó di pé ayédèrú kankan jáde. Bàbá ra àga kan níbẹ̀ tí wọ́n ní orí ẹ̀ ni Shakespeare máa ń jókòó sí nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó ẹ̀. Wọ́n dé ilé kan tí wọ́n ń pè ní Clopton House, wọ́n béèrè bóyá ìwé àtijọ́ kankan wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń gbé ilé náà dá wọn lóhùn pé háà, ẹ ò bá ti tètè dé, kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo sun apẹ̀rẹ̀ ìwé bíi mélòó kan tí orúkọ Shakespeare wà lára ẹ̀, torí mo fẹ́ àyè tí màá kó àwọn àparò mi sí. Ó jọ pé ọkùnrin yẹn kàn ń fi wọ́n ṣeré ni. Àmọ́ ńṣe ni Samuel ké gbàmù bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú fún, ojú ọmọ ẹ̀ ló sì ṣe.

Ní ti bó ṣe ṣe é, kò ṣòro tó bí èèyàn ṣe rò. Ní ọ́fíìsì lọ́yà tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àdéhùn àtijọ́ tí wọ́n kọ sórí awọ kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ó gé awọ níbẹ̀, ó yọ èdìdì kúrò lára ìwé àtijọ́ míì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀. Íǹkì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń di ìwé ló ti rí i, wọ́n po àwọn omi kan tí wọ́n fi ń kun èèpo ìwé pọ̀ fún un, tó bá fi kọ̀wé tán tó sì gbé e sún mọ́ iná, á ṣókùnkùn bí èyí tó ti wà níbẹ̀ láti 200 ọdún. Bébà ńkọ́? Ó fún ẹnì kan tó ń ta ìwé ní ṣílè 5, onítọ̀hún sì jẹ́ kó ya gbogbo ojú ewé òfìfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn àwọn ìwé ńláńlá àtijọ́. Nígbà tó gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé bébà ayé Ọbabìnrin Elizabeth sábà máa ń ní àwòrán ìkòkò omi nínú tí wọ́n bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ó wá èyí tó nírú ẹ̀, ó sì dà á pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní kí wọ́n má bàa fura.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1794 ló gbé èyí àkọ́kọ́ fún bàbá ẹ̀, ìwé àdéhùn kan tí sáìnì Shakespeare wà lórí ẹ̀. Bàbá wò ó, ó wo èdìdì, ó yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ẹ̀, ó ní kó lọ mú èyíkéyìí tó bá wù ú. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti rí i, ó ní ọ̀gbẹ́ni olówó kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, tí wọ́n wá ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni H., ló ní àpótí àtijọ́ kan nílé tó sì ní kóun máa mú ohun tóun bá fẹ́ níbẹ̀. Látọjọ́ yẹn lọ, ohun tí bàbá bá ti béèrè ni àpótí yẹn máa ń ní.

Aláròjinlẹ̀:

Àgbà ti sọ ti bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọ̀mọ̀wé, torí mi ò gbà pé wọn ò mọ ìwé. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì ni ọmọ yẹn ń gbé fún wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Títí dòní sáìnì 6 péré ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ọwọ́ Shakespeare ni, kò sí odindi eré kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ tó kù, kò sí lẹ́tà kankan tó kọ tó kù. Ọkùnrin tí gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ di òrìṣà nígbà yẹn, wọn ò mọ bó ṣe ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ireland bá kọ lẹ́tà sí ìyàwó náà, Anne Hathaway, lórúkọ Shakespeare, ó fi irun orí kan tó fi òwú sílíìkì dì sínú ẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bóyá ìjọ Kátólíìkì ni Shakespeare wà, pàápàá nígbà tí wọ́n ti rí ìwé ẹ̀rí ìgbàgbọ́ kan tó lórúkọ bàbá Shakespeare nínú òrùlé ilé wọn ní Stratford ní 1757. Ireland bá kọ ìwé ìgbàgbọ́ tí Shakespeare ti sọ pé Pùròtẹ́sítáǹtì pọ́ńbélé lòun. Wọ́n kà á fún Ọ̀mọ̀wé Samuel Parr àti Joseph Warton, àwọn àlùfáà tó mọ̀wé gan-an, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ borí ohun tó wà nínú ìwé àdúrà ìjọ àwọn fúnra wọn. Ọmọkùnrin náà dúró síbẹ̀ ó ń gbọ́ o. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni kò ti lè padà mọ́, torí ta ló ti yìn ín bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ rírùn tó wà nínú àwọn eré Shakespeare náà ń ni wọ́n lára láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń sọ pé àwọn òṣèré ló kì í bọ̀ ọ́. Ireland da King Lear kọ lọ́tun, ó yọ gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, inú wọn dùn, wọ́n ní ẹ rí i, a sọ bẹ́ẹ̀!

James Boswell tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Samuel Johnson wá ní oṣù Kejì 1795. Ó wò ó títí, ó ní kí wọ́n bu ọtí fóun, ó mu ún, ó wá kúnlẹ̀, ó fẹnu ko àwọn bébà náà lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó dá òun sí láti rí i. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ló kú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀, torí ìfẹ́ tó ní sí ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìwé_Àtijọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo èèyàn ló gbà. Edmond Malone, tó mọ̀ nípa Shakespeare ju ẹnikẹ́ni lọ láyé ìgbà yẹn, kò gbà fún ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ wọn ò jẹ́ kó fojú kan àwọn bébà náà nílé Samuel. Ohun tó wá tú u fó ni pé Samuel fúnra ẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ńlá olówó iyebíye ní òpin 1795, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ ìkọ̀wé àti sáìnì tí wọ́n fín jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Malone ò nílò kó lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1796, ó gbé ìwé tó lé ní 400 ojú ewé jáde, ó sì tú u palẹ̀.

Èmi fẹ́ràn bó ṣe ṣe é, torí kò fi bínú ṣe é, ńṣe ló kó ìwé gidi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayédèrú. Lẹ́tà tí wọ́n ní Ọbabìnrin Elizabeth kọ sí Shakespeare, ó mú èyí tí Ọbabìnrin kọ gan-an wá, ọwọ́ méjèèjì ò jọra rárá. Lẹ́tà yẹn tún sọ pé kí wọ́n fi jíṣẹ́ fún Shakespeare ní Globe, tíátà ẹgbẹ́ ẹ̀, ó sì mẹ́nu ba Leicester, ìjòyè tó sún mọ́ Ọbabìnrin, pé ó máa wà lọ́dọ̀ Ọbabìnrin. Leicester kú ní 1588. Globe, 1599 ni wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́tà wo ló lè mú àwọn méjèèjì pàdé? Lẹ́tà Southampton, ọ̀gá tó ran Shakespeare lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ni Ireland fi kọ ọ́ kó má bàa jọ ọwọ́ tiẹ̀, kò mọ̀ pé lẹ́tà Southampton gidi ṣì wà níta. Malone gbé e jáde, ọwọ́ tó mọ́ tó sì gún régé ni.

Ó tún tú sípẹ́lì ẹ̀ wò. Ireland rò pé ayé àtijọ́ túmọ̀ sí kéèyàn máa fi lẹ́tà kún lẹ́tà ni, ó ń kọ "and" sí "ande", ó ń kọ "for" sí "forre", kò sì sí àmì ìdánudúró kankan. Malone wá ìwé àwọn èèyàn ayé Elizabeth jọ láti oríṣiríṣi ọdún, ó ní kí wọ́n fi ẹnì kan hàn òun tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí.

Síbẹ̀ ẹ má fojú kékeré wo ọmọ yẹn. Ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn ní orúkọ John Heminges, òṣèré ẹgbẹ́ Shakespeare, lórí. Lọ́yà kan tó mọ Samuel, Albany Wallis, lọ rí sáìnì Heminges gidi nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò jọ ti Ireland ní ibì kankan. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń lọ bi Ọ̀gbẹ́ni H., kò pẹ́ rárá ó ti dé pẹ̀lú ìwé owó kan tí sáìnì tó jọ ti gidi wà lórí ẹ̀, ó ní Heminges méjì ló wà, gíga kan ní Globe, kúkúrú kan ní tíátà míì. Wíwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi há ọwọ́ yẹn sórí! Wọ́n sì gbà á gbọ́. Tísà tó ní orí ẹ̀ ò pé yẹn ṣẹ̀ sí i púpọ̀.

Àwọn àgbà ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Ireland yìí ò pé ọdún kan ààbọ̀.

Tíátà_Lọkànmi:

Ẹ ò tíì sọ ti eré náà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ ti wó lójú gbogbo ayé.

Vortigern lorúkọ ẹ̀, ọba Britain àtijọ́ tó ránṣẹ́ pe àwọn Saxon. Àwòrán Vortigern kan ló wà lára ògiri nínú yàrá ìwé bàbá ẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí i, ó kéde pé wọ́n ti rí eré tuntun tí Shakespeare kọ kó tó di pé ó kọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, ó wá ń gbé e wálé díẹ̀díẹ̀. Sheridan tó ni tíátà Drury Lane bá Samuel ṣàdéhùn 300 pọ́ùn pẹ̀lú ìpín nínú èrè. Nígbà tí Sheridan kà á, ó rí i pé kò jinlẹ̀, ó ní Shakespeare ní láti jẹ́ ọmọdé gan-an nígbà tó kọ ọ́. Àmọ́ ó wo bébà náà, ó ní ta ló máa rí èyí tí ò ní gbà pé ìwé àtijọ́ ni? Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń fi dá àwọn tó bá bi mí ní ìbéèrè àbúrò yìí lóhùn. Etí ẹ̀ sọ òótọ́ fún un, ojú ẹ̀ ló gbà gbọ́.

John Philip Kemble tó fẹ́ ṣe Vortigern ò gbà pé Shakespeare ló kọ ọ́, ó tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí wọ́n fi ń tan ara wọn, Samuel ò gbà, ó bọ́ sí ọjọ́ kejì. Sarah Siddons, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tí kò sí òṣèrébìnrin tó lókìkí tó o, yọwọ́ kó tó dọjọ́ náà. Ìwé Malone ò tíì ju ọjọ́ méjì lọ níta. Tíátà kún fọ́fọ́. Eré ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe sùúrù fún un, Dorothy Jordan ṣe tiẹ̀ dáadáa, ìpàtẹ́wọ́ tiẹ̀ wà. Ìgbà tó dé apá karùn-ún, Kemble dé ìlà kan tó sọ nípa ìgbà tí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi ojú ọ̀wọ̀ bò yìí bá parí, ó fi ohùn tẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, gbogbo tíátà bú sẹ́rìn-ín, ariwo ò dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó rọlẹ̀, dípò kó máa bọ́ lọ, ó tún ìlà yẹn sọ. Eré parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n á tún ṣe é, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó gbà gbọ́ àtàwọn tí ò gbà, títí Kemble fi jáde wá sọ pé eré míì ni wọ́n máa ṣe.

Èmi ò fara mọ́ ohun tí Kemble ṣe. Òṣèré kì í ta eré tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ìtàgé. Tí kò bá fẹ́ ẹ, kó ṣe bíi Siddons, kó yọwọ́.

ÌwéKíkàNiTèmi:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ti àwọn ọ̀mọ̀wé ti yé mi wàyí. Àmọ́ ti bàbá ò tíì yé mi o. Ṣé ó mọ̀ àbí kò mọ̀?

Àgbà_Òǹkàwé:

Kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn Lọ́ńdọ̀nù rò pé òun gan-an ló kọ ọ́, Gillray tó máa ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tiẹ̀ ya àwòrán fi bú u ní 1797, àmọ́ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ lọ́wọ́. Ó ń kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni H., ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde wá. Ọmọ ẹ̀ á gba lẹ́tà náà, á lọ kọ èsì pẹ̀lú ọwọ́ míì, á gbé e fún bàbá ẹ̀. Nínú àwọn èsì yẹn, Ọ̀gbẹ́ni H. ń yin William Henry fún Samuel, ó ń sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ní ẹ̀bùn tó lè fi dúró ti Shakespeare gan-an. Gbogbo ayédèrú tó kù, mo lè kà á kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Èyí nìkan ni mi ò lè kà tán lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá ẹ̀, ó ní láti dá ẹlòmíì sílẹ̀ kí onítọ̀hún tó bá a sọ ọ́.

Nígbà tó wá jẹ́wọ́ ní 1796, bàbá ò gbà. Kì í ṣe pé ó ń dáàbò bo ọmọ ẹ̀ o, kò gbà pé ọmọ òun gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ìwé láti gbèjà àwọn bébà náà lọ́dún yẹn, ó tún kọ òmíràn ta ko Malone ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní 1800 láì yí ọkàn padà. Ọmọ ti kúrò nílé nígbà yẹn.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìwé_Àtijọ́:

Mo gbà pẹ̀lú Àgbà pé bàbá ò mọ̀, àmọ́ mi ò ní dá a láre. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kó àwọn bébà náà síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n wò, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ń pè. Ọmọ náà sì ba orúkọ bàbá ẹ̀ jẹ́ pátápátá, kò sì fi ayédèrú sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń ṣe ẹ̀dà àwọn ayédèrú àkọ́kọ́ yẹn tà fáwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ, ó ń sọ pé àwọn gan-an ni àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi ẹ̀ fi wà káàkiri, táwọn tó ń tọ́jú ìwé fi ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó mọ èyí tí Boswell fẹnu kò.

Àbúrò, tó o bá fẹ́ kà síwájú, ìwé kékeré tó gbé jáde ní 1796 ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó ka Confessions tó kọ ní 1805, nígbà tí bàbá ẹ̀ ti kú. Ó ti bu iyọ̀ sí èyí ẹ̀yìn yẹn dáadáa, ó fi ọjọ́ orí ẹ̀ hàn bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ, kí iṣẹ́ náà lè túbọ̀ yani lẹ́nu. Tó o bá ka méjèèjì tẹ̀ léra, wàá máa rí ibi tó ti yí i.